Àròkọ Sikọ́láṣíìpù: Ohun Tí Òkúta Inú Ìrẹsì Kọ́ Mi

Ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́ gbé sórí pátákó lọ́sẹ̀ yìí, àwa SS3 ló kàn jù, àmọ́ kí SS2 náà dúró kà á, torí ọdún ń sáré. Ó jẹ mọ́ àròkọ tí yunifásítì òkè òkun àti àwọn tó ń fúnni ní sikọ́láṣíìpù máa ń ní kí ọmọ ilé-ìwé kọ nípa ara rẹ̀. Mo ti kọ ọ́ ní ìkọkúkọ rí, ojú sì tì mí. Ibẹ̀ ni màá ti bẹ̀rẹ̀.

Ní táàmù tó kọjá, olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì wa gba àròkọ lọ́wọ́ àwa márùn-ún tí a fẹ́ gba fọ́ọ̀mù. Wọ́n tẹ́ ìwé márààrún sórí tábìlì nínú yàrá àwọn olùkọ́, wọ́n ní kí oníkálukú ka ìlà àkọ́kọ́ tirẹ̀ sókè. Ẹni àkọ́kọ́ kà á: ẹ̀kọ́ ni kọ́kọ́rọ́ àṣeyọrí. Ẹnì kejì: ẹ̀kọ́ ni kọ́kọ́rọ́ àṣeyọrí. Èmi ni ẹnì kẹta, ẹ sì ti mọ ohun tí mo kà. Ẹnì kẹrin tiẹ̀ gbìyànjú, ó ní ẹ̀kọ́ ni ìpìlẹ̀ àṣeyọrí. Ẹnì karùn-ún ò lè ka tiẹ̀ mọ́, ẹ̀rín ti mú un.

Àṣírí ti tú. Orí WhatsApp ni gbogbo wa ti rí i. Ẹnìkan fi àpẹẹrẹ àròkọ kan ránṣẹ́ sí gúrúùpù wa, a yọ orúkọ tó wà níbẹ̀, a fi tiwa sí i. Olùkọ́ wa ò bínú o. Wọ́n kàn wo ojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ní, "Nínú ẹ̀yin márùn-ún yìí, ta gan-an ni mo ń kà nípa rẹ̀?" Kò sẹ́ni tó fèsì.

Kí ló fà á? Mi ò rò pé ọ̀lẹ ni wá. Ìdánwò tí a mọ̀ kì í bi wá ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ni. JAMB, iṣẹ́ mẹ́rin ni, 400 ni gbogbo máàkì rẹ̀, kí o ṣáà ti mú A tàbí B tàbí D. JAMB ò bìkítà bóyá ìwọ lo máa ń pọnmi nílé yín. WAEC ní tiẹ̀ ń gba àròkọ Gẹ̀ẹ́sì, ó kéré tán 450 ọ̀rọ̀, máàkì 50: 10 fún kókó ọ̀rọ̀, 10 fún ètò, 20 fún ìlò èdè, 10 fún gírámà, sípẹ́lì àti àmì ìdánudúró. Èyí ti mọ́ wa lára. Àmọ́ nínú àròkọ WAEC, o lè ní bàbá rẹ ni ọba ìlú, o lè ní o ti lọ sí Lọ́ńdọ̀nù lẹ́ẹ̀mẹta, kò sẹ́ni tó máa tẹ̀ lé ọ délé wá wò ó. Gẹ̀ẹ́sì rẹ ni wọ́n ń dán wò. Nínú ti sikọ́láṣíìpù, ìwọ fúnra rẹ ni wọ́n ń wá. Wọ́n ti ní èsì ìdánwò rẹ lọ́wọ́. Ibi kan ṣoṣo tí wọ́n ti lè gbọ́ ohùn rẹ nìyẹn kí wọ́n tó pinnu.

Ẹ wo Common App, fọ́ọ̀mù orí íntánẹ́ẹ̀tì tí èèyàn lè fi béèrè àyè ní yunifásítì tó lé ní 1,000, Amẹ́ríkà sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn wà. Àròkọ ibẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dín ní 250 ọ̀rọ̀, kò sì gbọ́dọ̀ ju 650 lọ. Ìyẹn ò ju bí ojú ìwé mẹ́ta nínú nóòtù wa lọ. Ìbéèrè méje ni wọ́n tò kalẹ̀, ọ̀kan lo máa mú, ìkeje sì ní kí o kọ ohun tó bá wù ọ́. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, UCAS ni. Tẹ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ gígùn kan ni wọ́n ń gbà, tí kò gbọ́dọ̀ ju 4,000 àmì lọ, bẹ̀rẹ̀ láti orí lẹ́tà dórí àlàfo. Ṣùgbọ́n láti orí àwọn tó ń wọlé ní 2026, wọ́n ti pín in sí ìbéèrè mẹ́ta: kí ló dé tí o fẹ́ ka iṣẹ́ yìí, báwo ni ohun tí o ti kọ́ nílé-ìwé ṣe múra rẹ sílẹ̀, kí lo sì ti ṣe níta kíláàsì tó wúlò fún un. 4,000 náà ni àpapọ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá ń da àpẹẹrẹ 2019 kọ láti orí fóònù ti ṣìnà kó tó bẹ̀rẹ̀. Kì í sì í ṣe òyìnbó nìkan ló ń béèrè àròkọ o. African Leadership Academy tó wà ní Johannesburg, tó gba àwọn ọmọ àkọ́kọ́ wọlé ní 2008, ń béèrè. Yunifásítì Ashesi ní Gánà náà ń béèrè.

UCAS tí mo dárúkọ yẹn ṣe ìwádìí kan tí ìròyìn rẹ̀ jáde ní 2007. Wọ́n fi kọ̀ǹpútà yẹ nǹkan bí 50,000 irú ìwé yìí wò, bóyá ọ̀rọ̀ inú wọn jọra. Ọmọ 234 ló sọ ìtàn kan náà: pé nígbà tí àwọn wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ, àwọn ń fi nǹkan kẹ́mísìrì ṣeré, iná sì lu aṣọ ìsùn àwọn, ibẹ̀ ni ìfẹ́ sáyẹ́ǹsì ti wọ àwọn lọ́kàn. Ọmọ 234! Gbogbo wọn lọ́mọ ọdún mẹ́jọ, gbogbo wọn nínú aṣọ ìsùn. Ó ṣeé ṣe kí ọmọ kan wà láàárín wọn tí aṣọ rẹ̀ jóná lóòótọ́, ẹni tó kọ́kọ́ kọ ọ́. Wọ́n ti bá a jẹ́ fún un.

Nǹkan mìíràn ń dí wa lọ́wọ́ tó jinlẹ̀ ju WhatsApp lọ. Bí wọ́n ṣe tọ́ wa ni. Ọmọ tó bá ń yin ara rẹ̀ níwájú àgbà, wọ́n á ní ó ń fẹ́nu. Bí àlejò bá ní "ọmọ yìí mọ̀wé o," wàá tẹ orí ba, ìyá rẹ á ní "Ọlọ́run ni." Ẹ wá fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní bíró, ẹ ní kó ṣàlàyé ìdí tó fi jẹ́ pé òun ló yẹ kí wọ́n fún lówó. Ó máa ń já sí ọ̀kan nínú méjì. Yálà kó máa fọ́nnu, òṣìṣẹ́ takuntakun ni mí, aṣíwájú rere ni mí, mo ní ìran ọjọ́ iwájú. Tàbí kó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣagbe, ẹ jọ̀ọ́ ẹ ṣàánú mi, àwọn òbí mi ò ní. Mo ti ṣe méjèèjì nínú ìwé kan ṣoṣo rí.

Olùkọ́ Yorùbá wa ló tú u fún mi lọ́jọ́ kan tí mo ń ráhùn ní kọ́ríídọ̀. Wọ́n ní, "Ṣé o ti gbọ́ oríkì ilé yín rí? Ṣé ẹni tó ń ki yín kàn ń sọ pé ẹ̀yin jẹ́ èèyàn dáadáa ni?" Mo ní rárá, sà. Wọ́n ní ẹni tó ń ki èèyàn á sọ ohun tí baba rẹ̀ ṣe, odò tó là kọjá, iṣẹ́ tí wọ́n mọ̀ mọ́ wọn, oúnjẹ tí wọn kì í jẹ. Ohun tó ṣeé fojú rí ló fi ń yìn ín. Wọ́n ní kí n lọ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ara mi, láìjẹ́ pé mo pe ara mi ní ẹni ńlá kankan. Mo dúpẹ́, àmọ́ kí n sòótọ́, kò tíì yé mi nígbà náà. Kí ni mo ti là kọjá? Kọ́bapẹ́ sí Abẹ́òkúta.

Lọ́jọ́ kejì, olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì pè mí. Wọn ò bi mí léèrè nípa àròkọ rárá.

"Kí lo ṣe ní Sátidé tó kọjá?"

"Mo ṣa ìrẹsì, mà."

"Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣa ìrẹsì? Yorùbá ni kí o fi sọ ọ́."

Wọ́n gbé fóònù wọn sórí tábìlì, wọ́n tẹ ibi tó ń gba ohùn sílẹ̀. Mo rò pé ìṣẹ́jú kan ni màá fi sọ ọ́. Mo lo ìṣẹ́jú mọ́kànlá.

Ohun tí mo sọ nìyí. Màámi ń ta ìrẹsì ọ̀fadà. Ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé tí a wà yìí náà ni ìlú Ọ̀fadà wà, ìlú tó fún ìrẹsì náà lórúkọ, nítorí náà kò sí ẹni tí mo ní láti ṣàlàyé òórùn rẹ̀ fún níbí. Wọ́n á ra ìrẹsì tó ṣì wà nínú èèpo, wọ́n á rẹ ẹ́ sínú omi, wọ́n á bọ̀ ọ́, wọ́n á sá a kó gbẹ, kí wọ́n tó gbé e lọ síbi ẹ̀rọ tó ń yọ èèpo. Ẹ̀gbẹ́ títì márosẹ̀ Abẹ́òkúta sí Ṣàgámù la ti ń sá tiwa. Ibẹ̀ ni òkúta ti ń kó sí i. Tírélà á kọjá, táyà á ta òkúta wẹ́wẹ́ sínú ìrẹsì, a ò ní rí i títí di ọjọ́ tí ẹnìkan á fi eyín rí i.

Nígbà tí mo wà ní SS1, oníbàárà kan gbé ìrẹsì padà wá bá Màámi. Ó ní eyín òun ti kán. Ó sọ̀rọ̀ náà sókè kí gbogbo àwọn tó ń tajà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa lè gbọ́, Màámi sì dá owó padà fún un pẹ̀lú ìkúnlẹ̀. Nígbà tó lọ tán, mo wọn kóńgò kan nínú ìrẹsì yẹn, mo dà á sórí atẹ, mo ṣà á, mo sì ń ka òkúta bí mo ṣe ń ṣà á. 61 ni. Mo kọ ọ́ sẹ́yìn nóòtù Mathimátíìkì mi. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo ka kóńgò mẹ́rin, méjì láti apá tó sún mọ́ títì, méjì láti apá tó jìnnà. Èyí tó jìnnà ò fi bẹ́ẹ̀ dára ju èkejì lọ, ó yà mí lẹ́nu. Ìgbà yẹn ni mo wá ronú pé kì í ṣe táyà nìkan. Ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ni. Nígbà tí a bá ń gbá ìrẹsì jọ, a ń gbá ilẹ̀ mọ́ ọn.

Mo gba àpò ìrẹsì tó ti ṣófo lọ́wọ́ àwọn tó ń se oúnjẹ tà, mo tú wọn, mo rán mẹ́jọ pọ̀ di ẹní ńlá kan. Kóńgò àkọ́kọ́ tí a sá sórí rẹ̀, òkúta 9. Màámi fi mí rẹ́rìn-ín: "Òkúta lo ń kà, ìwé rẹ ńkọ́?" Kí oṣù méjì tó pé, àwọn ìyá méjì tí wọ́n jọ ń sá ìrẹsì ti rán tiwọn.

Nígbà tí mo sọ ọ́ tán, olùkọ́ wa pa fóònù náà. Wọ́n ní, "Èsì WAEC rẹ á sọ fún wọn pé o mọ Mathimátíìkì. Kò sí ibi tí ìwé yẹn ti lè sọ fún wọn pé o jókòó ka òkúta 61, pé o rò pé títì ló fà á, pé o wádìí, o sì rí i pé èrò rẹ ò tọ̀nà." Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kíyè sí apá tó kẹ́yìn yẹn. Èmi ti fẹ́ yọ ọ́ kúrò. Mo rò pé àṣìṣe mi ni, kí ni mo fẹ́ fi hàn wọ́n fún? Wọ́n ní ibẹ̀ gan-an ni orí mi ti ń ṣiṣẹ́ níṣojú ẹni tó ń kà.

Bóyá ẹ ti gbọ́ nípa William Kamkwamba, ọmọ Màláwì tí ìyàn lé kúrò nílé-ìwé torí àwọn òbí rẹ̀ ò lè san owó. Ó rí ìwé kan nípa iná mànàmáná ní ilé ìkàwé abúlé, ó sì fi férémù kẹ̀kẹ́, fáànù katakata àti páìpù rọ́bà tó nà tẹ́ẹ́rẹ́ lórí iná ṣe ẹ̀rọ tí atẹ́gùn ń yí, iná sì tàn nílé wọn. Ó lọ sí African Leadership Academy tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, ó sì jáde ní Dartmouth ní Amẹ́ríkà ní 2014. Bí mo bá ní ọmọ náà gbọ́n, ta ló máa rántí lọ́la? Ṣùgbọ́n ẹ ò ní gbàgbé fáànù katakata yẹn.

Ọ̀nà tí mo gbà kọ tèmi lẹ́yìn náà nìyí. Mo gbọ́ ohùn ara mi lórí fóònù, mo kọ ọ́ sílẹ̀ bí mo ṣe sọ ọ́, ní Yorùbá, pẹ̀lú gbogbo "ṣé ẹ rí i" inú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ìlapa èrò, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ wa nínú àròkọ oníròyìn. Òun ni mo wá fi Gẹ̀ẹ́sì kọ. Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ wa ní ṣíṣe é lẹ́ẹ̀mejì ń fi àkókò ṣòfò. Mo ní kí wọ́n dán an wò. Nígbà tí mo bá ń fi Gẹ̀ẹ́sì ronú láti ìbẹ̀rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ìdánwò ló ń wá, ó sì ń gbé kọ́kọ́rọ́ àṣeyọrí wá pẹ̀lú ara rẹ̀. Kí ojú má tì yín. Ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ Nàìjíríà, Abẹ́òkúta ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ ní 1859, èdè Yorùbá ló sì fi bẹ̀rẹ̀.

Mo bẹ̀rẹ̀ àròkọ náà láti orí 61 yẹn. Mo pa ìfáárà tí mo ti kọ tẹ́lẹ̀ rẹ́ pátápátá, ìlà mẹ́fà tó ń sọ bí iṣẹ́ àgbẹ̀ ṣe ṣe pàtàkì sí ọrọ̀ ajé Nàìjíríà. Ní ti kóńgò, mo fi ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré sọ pé abọ́ tí àwọn ọlọ́jà fi ń wọn nǹkan ni, mo sì kọjá lọ. Ẹ má yọ kóńgò kí ẹ fi "kílò" sí i torí òyìnbó. Kì í ṣe kílò ni Màámi fi ń tà.

Ibi tó nira jù ni mo fẹ́ sọ báyìí, mo sì ti gba àṣẹ nílé kí n tó gbé e sórí pátákó yìí.

Bàámi ń wakọ̀ tẹ́lẹ̀. Ìjàǹbá ọkọ̀ ṣẹlẹ̀ sí wọn, wọn ò lè fi ẹsẹ̀ òsì tẹ nǹkan dáadáa mọ́, àti ìgbà náà ni ìrẹsì Màámi ti ń bọ́ gbogbo wa. Ìdí nìyẹn tí ọjọ́ tí oníbàárà gba owó padà fi dùn mí tó bẹ́ẹ̀. Mo kọ ọ́ sínú àròkọ. Mo kọ ọ́ púpọ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, mo ka gbogbo rẹ̀ fún Màámi, mò ń túmọ̀ rẹ̀ bí mo ṣe ń kà á. Wọ́n ń gé ẹ̀fọ́. Nígbà tí mo dé ibi ìjàǹbá náà, ọ̀bẹ dúró.

"Ta ló máa kà á?"

"Àwọn tó ń yan ọmọ ni, mà."

"Ṣé wọ́n mọ̀ wá ni?"

"Rárá, mà."

"Kí ló wá dé tí ẹsẹ̀ bàbá rẹ fi wà níbẹ̀? Ṣé ẹsẹ̀ bàbá rẹ ni wọ́n fẹ́ gbà sí yunifásítì?"

Mo bínú. Mo rò nínú mi pé Màámi ò mọ bí nǹkan ṣe ń lọ lóde òní, pé ohun tó ń mú òyìnbó sunkún ló ń mú òyìnbó fúnni lówó. Àmọ́ mi ò lè sùn. Mo dìde, mo fi tọ́ọ̀ṣì fóònù tún un kà, mo sì ka iye ọ̀rọ̀ rẹ̀. Nínú 640, ó lé ní 300 tó jẹ́ ti ìjàǹbá náà: ẹ̀jẹ̀, ilé ìwòsàn, ẹkún. Mo wá ara mi nínú 300 yẹn. Ohun kan ṣoṣo tí mo ṣe níbẹ̀ ni pé mo sunkún. Màámi ò tiẹ̀ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, òun ló sì rí i.

Mi ò kàn yọ ọ́ o. Òótọ́ ni, òun ló sì fà á tí owó kóńgò kan fi ṣe pàtàkì nílé wa. Bí mo bá yọ ọ́ pátápátá, kíka òkúta á dà bí eré ọmọdé. Nítorí náà, ní òwúrọ̀, mo lọ kúnlẹ̀ kí Bàámi, mo sọ ohun tí mo fẹ́ kọ nípa wọn, mo bi wọ́n bóyá wọ́n gbà. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n ní, "Kọ ọ́. Ṣùgbọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi wakọ̀ kí èyí tó ṣẹlẹ̀, mi ò gbá ẹnikẹ́ni rí."

Mo kọ ọ́ síbẹ̀. Àwọn 300 ọ̀rọ̀ yẹn di gbólóhùn méjì, èyí tí Bàámi sọ ni èkejì. Òun ló dára jù nínú gbogbo àròkọ náà, èmi kọ́ ni mo sì ni ín.

A jiyàn lórí èyí nínú ẹgbẹ́ wa. Ọ̀rẹ́ mi kan ní bí ìbànújẹ́ bá lè gba sikọ́láṣíìpù, kí èèyàn lò ó, ṣebí òótọ́ ni. Mi ò lè ní kò nídìí. Àìní ń pa èèyàn, owó yunifásítì kì í ṣe kékeré, àwọn fọ́ọ̀mù kan tiẹ̀ ń béèrè iye tó ń wọlé fún òbí rẹ ní tààrà, ibẹ̀ sì ni kí o ti sọ ọ́ bó ṣe rí. Ṣùgbọ́n mo rò pé ọ̀rọ̀ ilé, ẹni tó ni ín la gbọ́dọ̀ bi kí a tó gbé e jáde. Bí wọ́n bá sì pè ọ́ fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, wọ́n á bi ọ́ nípa ohun tí o kọ. Mo mọ̀ pé mo lè sọ̀rọ̀ òkúta fún wákàtí kan. Mi ò lè sọ̀rọ̀ ọjọ́ ìjàǹbá yẹn fún ìṣẹ́jú márùn-ún níwájú àjèjì.

Ẹ̀rọ AI ńkọ́? Mo mọ̀ pé ẹ máa béèrè. Mo dán an wò, mi ò ní purọ́. Mo sọ ìtàn òkúta fún un, mo ní kó bá mi kọ ọ́ kó dùn. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ dán bíi dígí. Òkúta 61 ti di àpẹẹrẹ ìdènà ayé, àpò tí mo rán ti di ìrètí, eyín oníbàárà sì ti pòórá. Mo kà á fún ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ní, "Ta nìyí?" Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹ̀tàn ni Common App ka á sí bí èèyàn bá fi ohun tí AI kọ ránṣẹ́ bí ẹni pé òun ló kọ ọ́. Bákan náà ló rí fún àwọn tó ń gbowó láti bá ọmọ kọ ọ́. Mo gbọ́ iye tí wọ́n ń gbà, owó yẹn á ra àpò ìrẹsì.

Ìrànlọ́wọ́ tó tọ́ wà. Bíró pupa olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì wa ò kọ ọ̀rọ̀ kankan sínú àròkọ mi, ìbéèrè nìkan ló kọ. "Báwo lo ṣe mọ̀?" "Kí ni Màámi sọ?" "Ṣé ìwọ máa ń sọ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu?" Èyí tó kẹ́yìn yẹn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tí mo wá nínú díṣọ́nárì, ó sì pa á. Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí pé ọmọdé ń sọ èyí: bí a bá gbé tiwa wá, ẹ bá wa tún gírámà ṣe, àmọ́ ẹ má fi Gẹ̀ẹ́sì yín rọ́pò tiwa. Bí ẹ bá sì fẹ́ bá wa kọ ìwé ẹ̀rí, ẹ rántí nǹkan kan pàtó tí ẹ fojú rí i tí a ṣe. "Ó jẹ́ ọmọ tó níwà" dára, ṣùgbọ́n gbogbo wa pátá la ní in.

Mo fi tèmi ránṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, 618 ọ̀rọ̀. Èsì ò tíì dé. Mo lè má rí i gbà, àwọn tó ń béèrè pọ̀ ju àyè lọ. Màámi ti bi mí lẹ́ẹ̀mejì bóyá wọ́n ti ka ibi òkúta.

Àwọn mẹ́rin tí a jọ kàwé lórí tábìlì lọ́jọ́ yẹn náà ti tún tiwọn kọ. Ọ̀kan kọ nípa bó ṣe ń tún rédíò bàbá àgbà rẹ̀ ṣe tí kò sì tíì sọ̀rọ̀ títí di òní. Ọ̀kan kọ nípa bó ṣe jẹ́ pé òun ló ń bá ìyá rẹ̀ tó jẹ́ adití sọ̀rọ̀ lọ́jà, ó sì bi ìyá rẹ̀ kó tó kọ ọ́. Ẹni tó ń rẹ́rìn-ín ṣì ń wá tiẹ̀. A bi í pé kí ló ṣe ní Sátidé, ó ní òun sùn. A ṣì wà lórí rẹ̀.

Ẹgbẹ́ oníròyìn á máa jókòó ka àròkọ fún ara wa ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti lu aago ìparí, ní kíláàsì SS2 tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ láàbù. Ẹ mú nóòtù àti bíró wá. Ẹni tó bá ní fóònù tó lè gba ohùn sílẹ̀, kó mú un lọ fún olùkọ́ wa lówùúrọ̀ kí wọ́n bá a tọ́jú rẹ̀ di ìgbà yẹn, kí wọ́n má baà gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ má mú àpẹẹrẹ wá.